Ta ni ìyá tó jókòó nínú fọ́tò yìí? Ẹ gbà wá o, ẹbí ti fẹ́ pín sí méjì

ỌmọPópó · Ọjọ́ Ajé, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀.

Màmá wa àgbà papòdà lọ́dún tó kọjá, a sì ti sin wọ́n bó ṣe yẹ. Nígbà tí a ń palẹ̀ yàrá wọn mọ́ ní Pópó Àgùdà, a rí agolo bisikíìtì àtijọ́ kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi ìborùn dì í. Fọ́tò mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀. A dá mọ́kànlá mọ̀. Mẹ́ta tó kù ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Mo fẹ́ gbé wọn síbí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ jálẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ròyìn wọn.

Àkọ́kọ́: ìyá kan jókòó lórí àga onígi, ìró rẹ̀ dúdú, gèlè rẹ̀ dúdú. Ọkùnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wọ kóòtù, ó di fìlà òyìnbó mú lọ́wọ́. Wọ́n tẹ POST CARD sẹ́yìn fọ́tò náà, ìlà kan sì là á láàárín. Òǹtẹ̀ àlùkò kan wà níbẹ̀. Orúkọ ilé fọ́tò ti pa rẹ́, àmọ́ mo ṣì ń rí “Victoria Street, Lagos, S. Nigeria”.

Ìkejì: ìyá kan dá jókòó, adìrẹ ló ró tó fi dá bùbá. Òbìrí ńlá kan wà lára ìró náà, orí èèyàn méjì wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi pẹ́ńsù kọ 2/6 sẹ́yìn rẹ̀.

Ìkẹta: ọmọdébìnrin méjì dúró lórí ẹní, bí ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Aṣọ kan náà, ìlẹ̀kẹ̀ kan náà, ojú kan náà.

Kàlẹ́ńdà ìrántí ọdún kan la fẹ́ tẹ̀, a sì fẹ́ kọ orúkọ sábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi tó ń gbé Èbúté-Mẹ́ta ní ìyá kan náà ló wà nínú àkọ́kọ́ àti ìkejì, pé Ìyá Ẹlẹ́kọ ni, ìyá tó bí ìyá Màmá, ẹni tí àjàkálẹ̀ àrùn 1918 pa. Àǹtí wa ní Súrùlérè ní irọ́ ni. Wọ́n ní àbúrò Ìyá Ẹlẹ́kọ tó jẹ́ opó ló wà nínú àkọ́kọ́, ṣé a ò rí aṣọ dúdú lára rẹ̀ ni? Ẹ sì mọ Èkó. Ta ni ìyá, ta ni àbúrò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ fọ́tò lásán tí ilé ẹbí bá wà nílẹ̀. Ẹnì kan ti ní kí n má tẹ ohunkóhun títí lọ́yà òun yóò fi rí i. Ìyá tó bí Màmá gan-an, a ò ní fọ́tò rẹ̀ rárá. Ó ti kú kí wọ́n tó bí ẹni tó dàgbà jù nínú wa.

Ti ìkẹta ló rú mi lójú jù. Kẹ́hìndé ni Màmá, 1934 ni wọ́n bí wọn. Ohun tí wọ́n sọ fún gbogbo wa ni pé Táíwò kú kí wọ́n tó já wọn lẹ́nu ọmú. Ta wá ni ọmọ kejì yìí?

Láńrè Yábàá · 9:20 alẹ́

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Èyí ò le. Áàpù wà tó máa ń tún fọ́tò àtijọ́ ṣe, á fi àwọ̀ sí i, ojú á mọ́ kedere bíi pé àná ni wọ́n yà á. Ẹ gbé ìyá méjèèjì sí i, ẹ ó rí i bóyá ẹnì kan náà ni. 2/6 yẹn náà, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà ni. Ẹ ti rí ọjọ́ tí wọ́n yà á.

Àbẹ̀kẹ́ Ìdúmọ̀tà · 9:41 alẹ́

Láńrè, jọ̀ọ́. Mo ṣe é fún fọ́tò bàbá mi. Pélé tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, áàpù yẹn kà á sí ìdọ̀tí, ó nù ún dànù. Ó tún wá to eyín funfun báláú sí ẹnu ẹni tí kò ṣíyín nínú fọ́tò rí láyé. Ìyá mi wò ó títí, wọ́n ní, “Ọkùnrin yìí dára o, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo fẹ́ ẹ.” Ojú tí ẹ̀rọ bá fúnra rẹ̀ dá, a kì í fi dá èèyàn mọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fi ojú wé ojú, etí ni kí ẹ wò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè rọ̀, imú lè gbòòrò sí i lójú àgbà, bí etí ṣe rí kì í yí tó bẹ́ẹ̀.

ỌmọPópó · 9:44 alẹ́

Gèlè bo etí àwọn méjèèjì. 😩

Bàbá Fọ́tò Ìwáyà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:05 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Ọdún 1968 ni mo wọṣẹ́ fọ́tò ní Èbúté-Mẹ́ta, mo mọ òórùn oògùn inú yàrá òkùnkùn ju òórùn ọbẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ fi ojú sílẹ̀ ná. Ẹ yí fọ́tò padà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kà.

Láńrè ọmọ mi, 2/6 kì í ṣe ọjọ́. Ṣílè méjì àti sísì ni. Owó iṣẹ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1973 ni náírà dé, nítorí náà fọ́tò tí wọ́n bá kọ ṣílè sẹ́yìn rẹ̀, ó ti wà ṣáájú ìgbà yẹn.

Ti àkọ́kọ́, òǹtẹ̀ yẹn sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní 1906 ni ìjọba òyìnbó so Èkó pọ̀ mọ́ Gúúsù Nàìjíríà. Ní 1914 ni wọ́n pa Gúúsù àti Àríwá pọ̀, tí gbogbo rẹ̀ di Nàìjíríà. Ẹni tó bá kọ “Lagos, S. Nigeria”, àárín ọdún mẹ́jọ yẹn ló wà. Victoria Street ni ohun tí ẹ̀yin ń pè ní Nnamdi Azikiwe lónìí, tó lọ láti Ìdúmọ̀tà dé Tinúbú. Ìlà tó la páálí yẹn láàárín náà bá a mu: láti 1902 ni ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbà kí èèyàn kọ ọ̀rọ̀ sí apá kan, kó kọ àdírẹ́sì sí apá kejì. Bébà fọ́tò tí wọ́n ti tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ilé iṣẹ́ ni àwọn ọ̀gá wa ń rà, oníbàárà ì báà fi ránṣẹ́ o, ì báà tọ́jú rẹ̀ o.

Nítorí náà 1906 sí 1914. Ó parí.

Túndé Akọ̀wé · 7:50 àárọ̀

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá yín jiyàn pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀. Ẹ gbà kí a dúró sí “kò lè ṣáájú 1906”. “Kò lè kọjá 1914” ni n kò lè fọwọ́ sí. Télọ̀ ni bàbá bàbá mi, ní Olówógbowó. Ìwé rìsíìtì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi: “S. Nigeria” ló wà lórí òǹtẹ̀ rẹ̀, 1921 ló sì wà lórí rìsíìtì náà. Èèyàn kì í ju òǹtẹ̀ rọ́bà nù nítorí pé gómìnà yí orúkọ ìlú padà. Ó di ìgbà tó bá jẹ.

Bàbá Fọ́tò Ìwáyà · 8:02 àárọ̀

Òótọ́ ni. Mo gbà. Èmi náà lo òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi àtijọ́ fún ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí mo kó kúrò níbẹ̀.

Ará Kám̀pọ́ọ̀sì · 8:30 àárọ̀

Ẹ wo orúkọ tó pa rẹ́ yẹn dáadáa. Ṣé kò parí sí TA? Tó bá parí sí TA, á jẹ́ pé George Da Costa ni! Èkó ni wọ́n bí i ní 1853, ilé ìtàwé CMS ló ń bójú tó kó tó fi í sílẹ̀ ní 1895 tó gbájú mọ́ fọ́tò. Òun ni ìjọba gbé iṣẹ́ yíya ojú irin fún. Ọmọ Àgùdà bíi tiwa ni.

ỌmọPópó · 8:58 àárọ̀

Mo fi díńgí tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó. Lẹ́tà kan ló hàn, A ni tàbí R.

Túndé Akọ̀wé · 9:03 àárọ̀

Ará Kám̀pọ́ọ̀sì, rọra o. Fotógíráfà Èkó ìgbà yẹn ò mọ sí ẹnì kan. N. Walwin Holm tó wá láti Accra náà ní ilé fọ́tò níbí kí ọ̀rúndún 19 tó parí, àwọn tí ìtàn ò tilẹ̀ dárúkọ wọn sì pọ̀ ju àwọn tó dárúkọ lọ. Lẹ́tà kan ò tó orúkọ í kọ.

Ìyá Aláṣọ Balógun · 11:15 àárọ̀

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, ó yà mí lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó bèèrè nípa adìrẹ yẹn. Ọmọ Pópó, òbìrí tí orí èèyàn méjì wà nínú rẹ̀, ṣé adé wà lórí wọn?

ỌmọPópó · 11:32 àárọ̀

Ẹ̀n, ó jọ adé. Ọkùnrin kan, obìnrin kan.

Ìyá Aláṣọ Balógun · 11:50 àárọ̀

Olóba nìyẹn! Adìrẹ Olóba. Ìyá mi àti ìyá tó bí wọn, aláró ni wọ́n ní Ìtòkú l’Ábẹ́òkúta, mo mọ aṣọ yẹn bí ẹní mowó. Ọba George Karùn-ún àti Ayaba Mary ni àwọn méjì yẹn. 1935 ni wọ́n ṣe àjọyọ̀ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ọba náà gorí oyè, tí àwọn aláró wa sì fi àwòrán wọn sára aṣọ. Aṣọ náà tà débi pé wọ́n ń ṣe é lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà yẹn, nítorí náà aṣọ yìí ò lè sọ fún yín pé 1935 gan-an ni. Ohun tó lè sọ ni pé kò lè ṣáájú rẹ̀.

Ẹ bá mi kí Bọ̀ọ̀dá yín. Òkú 1918 kì í ró aṣọ 1935.

Láńrè Yábàá · 11:53 àárọ̀

😂😂😂 Ìyá Aláṣọ ti sọ ọ́ tán.

ỌmọPópó · 12:20 ọ̀sán

Mo pe Bọ̀ọ̀dá. Wọ́n ní aṣọ ò mọ̀wé, kò lè sọ ọdún fún àwọn. Wọ́n pa fóònù.

Sìsí Gbágádà · 1:10 ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ aṣọ dúdú Àǹtí náà ńkọ́? Tó bá jẹ́ opó, ìyẹn náà jẹ́ ẹ̀rí.

Bàbá Fọ́tò Ìwáyà · 2:25 ọ̀sán

Kò jẹ́ ẹ̀rí o. Ẹ fetí sílẹ̀, nítorí ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí. Gíláàsì àti fíìmù ayé àtijọ́ ò rí àwọ̀ bí ojú wa ṣe ń rí i. Kò rí pupa rárá. Ohun tó bá pupa, dúdú ló máa yọ sí. Ohun tó bá jẹ́ búlúù, á ṣí, á fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Fíìmù tó rí gbogbo àwọ̀ ti wà lọ́jà kí 1910 tó pé, ṣùgbọ́n ó wọ́n, ó sì pẹ́ kó tó di ohun tí gbogbo ayé ń lò. Nítorí pé ti àtijọ́ ò rí pupa ni àwọn ọ̀gá wa fi lè tan iná pupa nínú yàrá òkùnkùn tí nǹkan kan ò ṣe iṣẹ́ wọn. Nítorí náà gèlè dúdú tí Àǹtí ń fi búra yẹn lè jẹ́ gèlè pupa fòò tí wọ́n wé lọ sóde ìyàwó.

Kóòtù arákùnrin tó dúró yẹn ńkọ́? Ẹ má tìtorí rẹ̀ pè é ní akọ̀wé ìjọba. Ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, kóòtù méjì, táì mẹ́ta àti bàtà kan tó tóbi fún gbogbo èèyàn ló wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Alápatà á wọlé, á jáde gẹ́gẹ́ bí lọ́yà. Aago ọwọ́ náà, tiwa ni, kì í tilẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni aṣọ ẹ̀yìn, èyí tí wọ́n kun òpó àti àtẹ̀gùn sí. Ilé fọ́tò kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ó sì máa ń lò ó títí á fi fàya. Ọmọ Pópó, wo ẹ̀yìn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣé èyíkéyìí jọra?

Alhaji Òkè-Àwo · 4:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jẹ́ kí n kó ọ̀rọ̀ kan sí i, nítorí gbogbo yín ti gbà pé ẹbí Ọmọ Pópó ló wà nínú fọ́tò wọ̀nyí. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

Fọ́tò ńlá kan wà ní pálọ̀ wa láti ìgbà tí mo gbọ́n. Àgbàdá sányán, fìlà abetí ajá, ọ̀pá lọ́wọ́. “Bàbá àgbà” la máa ń pè é. Ọmọ tuntun la máa ń gbé síwájú rẹ̀. Nígbà tí a ṣe fídáù bàbá mi, a tẹ fọ́tò náà sínú ìwé ètò, a kọ orúkọ bàbá àgbà sábẹ́ rẹ̀. Ìyá àgbà kan láti Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ṣí ìwé náà, ni ó bá bú sẹ́kún. Ó ní, “Kí ni bàbá mi ń ṣe lára ògiri yín?”

Ọ̀rẹ́ ni àwọn méjèèjì, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n jọ wà. Nígbà yẹn, ọ̀rẹ́ á ya fọ́tò, á fún ọ̀rẹ́ ní ọ̀kan fún ìrántí. Lẹ́yìn ikú àwọn méjèèjì, ọ̀rẹ́ ló di bàbá fún wa. A dá fọ́tò náà padà fún wọn. Ìṣó tí a fi kọ́ ọ ṣì wà lára ògiri, a ò mọ ohun tí a máa fi kọ́ síbẹ̀.

Báyìí la ṣe ń ṣe é nísinsìnyí: a kì í kó àwọn àgbà jọ sójú kan bi wọ́n. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni gbogbo wọn máa tẹ̀ lé, tàbí kí wọ́n torí tirẹ̀ jà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí o lọ bá wọn. Má sì sọ pé, “Ṣé Ìyá Ẹlẹ́kọ nìyí?” Àgbà á ní bẹ́ẹ̀ ni, kí o lè gbé fọ́tò kúrò lójú òun. Bi wọ́n pé, “Ta lẹ rí níbí?” Kí o sì dákẹ́. Tí wọn ò bá mọ ojú, bi wọ́n léèrè àga, ìlẹ̀kẹ̀, ẹ̀gbà ọwọ́. Ìyá kan lè gbàgbé ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó má gbàgbé ẹ̀gbà tí wọn ò jẹ́ kó jogún.

Ìyá Ìbejì Ọ̀ṣòdì · 5:15 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ Pópó, ọmọ kejì tí ò ń wá yẹn, kò sí níbì kankan. Kẹ́hìndé ni àwọn méjèèjì.

ỌmọPópó · 5:17 ìrọ̀lẹ́

Mà, n kò gbọ́ yín yé.

Bàbá Fọ́tò Ìwáyà · 6:30 ìrọ̀lẹ́

Ó tọ̀nà. Mo fẹ́ sọ ọ́ láàárọ̀, mo ní kí n kọ́kọ́ gbọ́ ti aṣọ ẹ̀yìn ná.

Tí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ, ìyá á mú èyí tó kù wá sọ́dọ̀ wa. Ọ̀nà méjì ni. A lè bo ìdajì fíìmù, ká ya ọmọ náà lápá kan, ká ní kó sún sí apá kejì, ká bo ìdajì tó kọ́kọ́, ká tún yà á. Tàbí kí a yà á lẹ́ẹ̀kan péré, ká wá tẹ ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan. Tí wọ́n bá jẹ́ akọ àti abo, a ó fi aṣọ ọkùnrin wọ̀ ọ́ fún ọ̀kan, a ó fi aṣọ obìnrin wọ̀ ọ́ fún ìkejì. Mo ti ṣe é, ó tó ìgbà mẹ́rin. Ìyá kan ní kí n sún àwọn méjèèjì mọ́ ara wọn sí i, pé wọn kì í jìnnà síra wọn.

Wo àárín ẹní náà. Tí ọwọ́ fotógíráfà ò bá dán tó, ìlà ẹní kò ní bára mu níbi tí wọ́n ti so ó pọ̀. Wo ìka ọwọ́. Tí ìka ọmọ méjèèjì bá ká bákan náà, tí ìlẹ̀kẹ̀ sì yẹ̀ sí apá kan náà, ọmọ kan ni.

Àǹtí Kátólíìkì · 7:02 alẹ́

Ẹ má bínú o, èmi ò gbà. Pópó Àgùdà ni ẹ sọ, ìdílé ọmọ ìjọ Kátólíìkì Holy Cross. Àwọn wọ̀nyẹn ò ní ṣe orò ìbejì.

Ìyá Ìbejì Ọ̀ṣòdì · 7:20 alẹ́

Àǹtí mi, ère ìbejì ni àlùfáà máa bá wí. Ta ló fẹ́ bá fọ́tò wí? Ìdí tí fọ́tò fi gba ipò ère lọ́dọ̀ onígbàgbọ́ àti ìmàle nìyẹn. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀, ọmọ ìjọ ni mí. Èyí tèmi wà nínú Bíbélì mi.

Àǹtí Kátólíìkì · 7:24 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Mo ti gbọ́.

Túndé Akọ̀wé · Ọjọ́rú, 8:15 àárọ̀

Ohun díẹ̀ tí ẹ lè ṣe lópin ọ̀sẹ̀. Fọ́tò ilé fọ́tò kì í dá wà, wọ́n máa ń tẹ púpọ̀ nínú rẹ̀, ẹbí á sì pín in. Láti 1955 tí LEDB, àjọ ìjọba tó ń tún ìlú Èkó ṣe, ti ń wó ilé láàárín Èkó, tí wọ́n ń kó èèyàn lọ Súrùlérè, agolo fọ́tò ìdílé kan pín sí méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ lọ wo agolo Àǹtí. Ìwé lè wà lẹ́yìn tiwọn tí kò sí lẹ́yìn tiyín.

Ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì náà wúlò, ṣùgbọ́n ẹ mú orúkọ àti àwọn ọdún tí ẹ ń fura sí dání, ẹ má kàn lọ sọ pé ẹ ń wá ìyá kan tó wé gèlè. Ìwé ìròyìn Akéde Èkó tí I. B. Thomas ń tẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1920 kún fún ìkéde òkú àti ìyàwó, ní Yorùbá. Ibi ìkóǹkanpamọ́sí ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí irú ìwé ìròyìn bẹ́ẹ̀. Kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ àtijọ́ náà, èyí tí ojú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ máa ń wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ lábẹ́. Ẹ má jù wọ́n nù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lámínéètì nǹkan kan. Ẹ má fi báírò kọ̀wé sẹ́yìn fọ́tò, pẹ́ńsù tó rọ̀ ni. Kí ẹ sì ya iwájú àti ẹ̀yìn sínú fóònù kí ẹ tó gbé wọn kiri Èkó nínú òjò yìí.

ỌmọPópó · Ọjọ́ Àìkú, 8:47 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti dé.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìkẹta. Bàbá, ẹ ríran. Ìlà ẹní kò bára mu láàárín, ó yẹ̀ díẹ̀. Ìka kékeré ọwọ́ òsì ká lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ìlẹ̀kẹ̀ yẹ̀ sápá ọ̀tún lọ́rùn àwọn méjèèjì. Nǹkan kan tún wà tí mi ò kíyè sí tẹ́lẹ̀. Ọmọ tó wà lápá ọ̀tún ṣì mọ́ kedere. Èyí tó wà lápá òsì, ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣá tán. Ojú yẹn nìkan. Fọ́tò tó kù kò ṣá bẹ́ẹ̀. Mo gbé àtàǹpàkò mi lé e, ó bá a mu rẹ́gí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta mo lọ Súrùlérè. Àǹtí kọ́kọ́ ní àwọn ò ní agolo kankan. Lẹ́yìn ìrẹsì àti ìbéèrè nípa ìgbà tí màá ṣègbéyàwó, agolo yọ. Ẹ̀dà fọ́tò ìkejì wà níbẹ̀, òun náà gan-an, wọ́n sì kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀: “Fún àbúrò mi, láti ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́kọ. Kérésìmesì 1937.” Àǹtí kà á, èmi náà kà á. Ìyá Ẹlẹ́kọ tó ti kú láti 1918 ló ń fi fọ́tò ránṣẹ́ ní 1937.

Lónìí mo gbé e lọ bá Ìyá kan ní Òkè-Pópó, àwọn àti Màmá jọ dàgbà ni, ọjọ́ orí wọn ti lé ní àádọ́rùn-ún. Mo ṣe bí Alhaji ṣe wí, mo dákẹ́. Wọ́n wò ó pẹ́. Mo wá ní, “Màmá, wọ́n kọ Ìyá Ẹlẹ́kọ sẹ́yìn rẹ̀.” Wọ́n ní, “Ẹlẹ́kọ wo? Ti ẹnu ni àbí ti aṣọ?”

Àṣé méjì ni wọ́n. Ìyá ló ń ta ẹ̀kọ ní ọjà Fàájì, òun ni 1918 pa. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń lọ kó adìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ ya àwòrán sí kí wọ́n tó rẹ ẹ́ láró, wá láti Abẹ́òkúta, orúkọ ìyá sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ yẹn ló bí Màmá. Ìyá tí a ní a ò ní fọ́tò rẹ̀ ló wà nínú agolo láti ọjọ́ yìí.

Bàbá Fọ́tò, aṣọ ẹ̀yìn tí ẹ ní kí n wò: ti ìkejì àti ti ìkẹta, ọ̀kan náà ni. Òpó méjì, ẹyẹ kan lórí èyí tó wà lápá ọ̀tún, ibi kan ya lẹ́bàá ẹyẹ náà nínú méjèèjì.

Ti àkọ́kọ́, a ò tíì mọ̀ ọ́n. Bọ̀ọ̀dá ṣì ní Ìyá Ẹlẹ́kọ ti ẹnu ni, Àǹtí ṣì ní àbúrò rẹ̀ ni, gèlè pupa tàbí dúdú ò kan àwọn. A máa tẹ̀ ẹ́ sínú kàlẹ́ńdà láìkọ orúkọ, “Victoria Street, Èkó” nìkan. Lọ́yà ti gbà.

Ìyá Aláṣọ Balógun · 9:05 alẹ́

Tó bá jẹ́ adìrẹ ló ń tà, ọjà ara rẹ̀ ló ró lọ sílé fọ́tò yẹn. Oníṣòwò gidi.

Bàbá Fọ́tò Ìwáyà · 9:30 alẹ́

Ọmọ mi, ọjọ́ kan náà ni wọ́n ya méjèèjì, tàbí kó sún mọ́ra. Ibi tó ya lára aṣọ ẹ̀yìn máa ń gbòòrò sí i lóṣooṣù. Fi wọ́n sí ojú ewé kan náà.

ỌmọPópó · 9:34 alẹ́

Màá ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Ẹni tó bá mọ atẹ̀wé ní Ṣómólú tí kì í gbàgbé àmì orí ọ̀rọ̀, kó fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀. N kò fẹ́ kí Ẹlẹ́kọ di Eleko lórí kàlẹ́ńdà.

Láńrè Yábàá · 9:36 alẹ́

Ní Ṣómólú? Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í wá a láti ìsinsìnyí o.